Ohun Tó Mú Àkèré Sáré Lọ́sàn-án Gangan

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àkèré kì í sáré ọ̀sán lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e? Ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá pa yín, n kò ní bínú. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Àkèré kan wà ní àbàtà kan, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé kókò, yóò ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ikùn, yóò sùn. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, kíá ló ń gbẹ. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń yọjú, tí yóò máa ké kí obìnrin kan lè gbọ́. Ó ké títí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ kí Àrínọlá tó dá a lóhùn.

Àrínọlá yé ẹyin sórí ewé kókò tó na ọrùn sórí omi, kí ẹja má baà rí wọn jẹ. Bí ẹyin bá ti là, àwọn ọmọ yóò já bọ́ sínú omi, ó parí. Ètò tó dára ni. Ohun tí kò dára ni pé òjò kọ̀, kò rọ̀ mọ́. Omi abẹ́ ewé náà ń fà sẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn, títí ó fi ku ẹrọ̀fọ̀ nìkan. Àwọn ẹyin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

"Baba ọmọ mi," ni Àrínọlá wí, "àwọn ọmọ wa ń kú lójú wa. Bí wọ́n bá sì yè é, orí ẹrọ̀fọ̀ ni wọn yóò já sí. Èwo ni ká kọ́kọ́ sunkún lé lórí?"

Alákàn, aládùúgbò wọn, ló yọjú nínú ihò rẹ̀. "Àkèré, omi ṣẹ́kù níbi tí Ẹfọ̀n ti ń mumi, lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí o bá dúró de ìrọ̀lẹ́, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́."

Bí Àkèré ṣe bọ́ sínú oòrùn nìyẹn. Ó fò títí ó fi dé ibi omi, ó jókòó sínú rẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi kún, ó sáré padà, ó gun ewé, ó sì tọ̀ sí àwọn ọmọ rẹ̀ lórí. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ohun tí Ọlọ́run fún un láti fi pọnmi nìyẹn.

"Tún tọ̀ sí wọn, olówó orí mi," ni Àrínọlá ń wí tẹkúntẹkún. "Kò tíì kan àwọn ti apá ọ̀tún."

Ni Àkèré bá tún padà sọ́nà. Ibi tó ti ń gbé omi bọ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti rí i. "Àkèré! Lọ́sàn-án gangan! Kí lò ń lé?"

Àkèré ò dáhùn. Ó ti fún ara pọ̀, bó bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, omi yóò tú.

"Àbí nǹkan ń lé ọ?"

Àkèré fò kọjá. Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá gun igi, ó figbe ta: "Ẹ gbà wá o! Nǹkan tó ń lé Àkèré ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀!"

Nígbà tí Àkèré tún ń lọ pọnmi, àwọn ẹranko ti ń di ẹrù. Nígbà tó fi máa padà, wọ́n ti ń sá. Àwọn kan ní iná ni, àwọn kan ní ọdẹ ni. Ìgbín nìkan ni kò kánjú. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun ni òun ti di ẹrù tòun.

Ìròyìn dé etí Ẹfọ̀n. Kò wádìí. Ó kó gbogbo agbo ilé rẹ̀, wọ́n dorí kọ àbàtà, torí iná kì í jó wọnú ẹrọ̀fọ̀. Gìrìgìrì, gìrìgìrì! Àkèré kù díẹ̀ kó délé nígbà tí wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá. Jìnnìjìnnì bò ó, gbogbo omi tó gbé bọ̀ tú dà sílẹ̀.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n ti tẹ abẹ́ ewé kókò náà ní àtẹ̀rẹ́, ewé ń mì, ẹyin ti ń là, àwọn ọmọ sì ti fẹ́ já bọ́. Àkèré fọwọ́ bojú. "Ó parí. Mo fi ìtọ̀ wẹ̀ wọ́n títí, ẹrọ̀fọ̀ aláìlómi ló fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi yìí."

Ọmọ kan já, ó dún pàì lórí ẹrọ̀fọ̀. Àrínọlá kígbe. Òmíràn já: pàì. Òmíràn tún já: tó!

Àrínọlá bẹjú wolẹ̀. Pátákò àwọn ẹfọ̀n ti wọlẹ̀ jìn, omi abẹ́ ilẹ̀ sì ti sun jáde, ó kún ojú ẹsẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Àwọn tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò mira mọ́, ìyá wọn sì sunkún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù ń ju ìrù.

Ẹfọ̀n bojú wẹ̀yìn, kò rí iná, kò rí ọdẹ. Ó tẹ orí ba, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fa Àkèré wọlé. "Ìwọ ọmọ yìí, o lé èmi àti àwọn ìyàwó mi kúrò nílé! Kí lò ń lé?"

"Omi ni, bàbá."

"Kí ló wá ń lé ọ?"

"Oòrùn ni, bàbá."

Gbogbo ará ilé Ẹfọ̀n ń wò ó. Àgbà tó sá nítorí ohun tí kò tó ihò imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè wá ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sọ kí ojú tó tì í. Ó húkọ́ díẹ̀, ó gbórí sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "ṣé ẹ ti wá rí i báyìí? Àkèré kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e."