Bí Oyèníran Àkànjí Ṣe Ṣẹ́gun Ẹ̀rọ Ìtẹ̀ka ní Ìdí-Orógbó

Ẹ yà lọ́nà, ẹ jẹ́ kí akọni kọjá. Oyèníran Àkànjí ni mo fẹ́ kì, ọmọ Àlàdé afamọ̀mọlé, ọmọ ẹni tí ó mọ ògiri tí òjò ọdún mẹ́tàdínlógún pa tí kò mira, ọmọ ẹni tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ààfin títí ọba fi rí ojú ara rẹ̀ lára ògiri tí ó sì tún fìlà dé, àtìrandíran tí kò jogún oko, tí kò jogún oyè, àfi ẹrẹ̀ nìkan. Oyèníran fúnra rẹ̀ fi ọdún márùndínlógójì ṣe bíríkìlà fún ìjọba ìbílẹ̀, òun ni ó sì kọ́ ilé ìwòsàn Ìdí-Orógbó láti ìpìlẹ̀ dé òkè. Kò sí búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀ tí kò mọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹ̀rọ kan ń bọ̀ tí yóò sọ pé òun kò mọ ọwọ́ náà rí.

Ẹ̀rọ ọ̀hún kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Ojú fèrèsé ilé oògùn ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni pé òun ni ó ni ìlú. Ìjọba ti fún àwọn arúgbó tí kò rí já jẹ ní káàdì ìlera. Arúgbó tí ẹ̀rọ bá gba àtàǹpàkò rẹ̀ yóò san igba náírà péré fún oògùn oṣù kan, ti ọkọ àti ti aya lórí káàdì ọkọ. Èyí tí ẹ̀rọ bá kọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni yóò san, tàbí kí ó máa lọ sílé. Lókè fèrèsé náà ni wọ́n lẹ àwòrán bàbá arúgbó kan mọ́ tí ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìlera àgbà ló jẹ ìjọba lógún. Eyín bàbá inú àwòrán náà pé, ó sì dájú pé àtàǹpàkò tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Oyèníran ti lọ, oṣù mẹ́ta léra, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ẹ̀rọ tan iná pupa sí i. Àrùn tí ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe: ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń da òun láàmú ni ó ń da Ṣubúọlá aya rẹ̀ láàmú. Nígbà tí ó ta àgbò tán tí ó fi ra páálí oògùn kan ṣoṣo, akọni mú abẹ, ó ń fi ojú bíríkìlà wọn hóró kọ̀ọ̀kan, ó ń là á sí méjì dọ́gbadọ́gba, ọkọ ń gbé ààbọ̀ mì, aya ń gbé ààbọ̀ mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ pé oògùn wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òòyì kọ́ Ṣubúọlá, ó ṣubú lẹ́bàá àmù, ẹnu rẹ̀ wúwo fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rù ba Oyèníran lọ́jọ́ náà ju bí ó ti bà á rí lórí àkàbà kankan.

Nítorí náà ni ó ṣe múra ogun kẹrin. Ó fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú fọ àtàǹpàkò ọ̀tún, ó fi òrí pa á, ó tún un fọ̀, ó tún un pa, títí tí ó fi ń dán bí ẹ̀kùrọ́.

Ṣubúọlá ń wò ó láti orí àpótí. Ó ní, "Bàbá Tọ́lá, tí wọn ò bá gbà á lónìí, ẹ fi tèmi sílẹ̀. Ẹ máa lo odidi, ẹ̀yin lẹ̀ ń jáde."

Akọni mú káàdì ìlera. Ó dé fìlà, ó lọ.

Ọmọbìnrin tí ó wà lójú fèrèsé ń jẹ́ Ìbùkún, ọmọ tí wọ́n kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́, ó kúnlẹ̀ kí bàbá kí ó tó fa ẹ̀rọ súnmọ́ ọn. Oyèníran tẹ àtàǹpàkò: pupa. Ó tẹ ìka ìfábẹ̀lá: pupa. Gbogbo ìka ọwọ́ ọ̀tún jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bá ẹ̀rọ jà, wọ́n sì padà bọ̀ lófo. Ìyá kan lórí ìlà ní sìmẹ́ńtì ti jẹ ìlà ọwọ́ bàbá tán, kí wọ́n máa lọ fọwọ́ lérán.

Ìbùkún wo àtàǹpàkò náà dáadáa. "Bàbá, àpá kí lèyí?"

"Àdá ló bù mí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń forúkọ wa sílẹ̀ ni. Aṣọ ni mo fi dì í lọ síbẹ̀..."

Bàbá wo àpá náà. Ó rántí. Ọ̀gbẹ́ni tí ń kọ orúkọ sílẹ̀ ń kánjú lọ́jọ́ náà, kò bèèrè, ó kàn fa ọwọ́ òsì Oyèníran tẹ ẹ̀rọ. Ojú tì í débi pé kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé, ó sì gbé ìtìjú náà sin títí ó fi gbàgbé ibi tí ó sin ín sí. Ta ni ó sì fẹ́ rán an létí? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ fún àgbà pé kó na ọwọ́ òsì sí òun, àgbà tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í nà án. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìbùkún ti mọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ó wo ìwé, ó wo àjà.

Oyèníran rántí Ṣubúọlá lẹ́bàá àmù. Ẹ̀yin òkè, ẹ wólẹ̀. Ẹ̀yin odò, ẹ dúró ẹ wòran. Akọni ọmọ Àlàdé gbé ọwọ́ òsì sókè lójú gbogbo ayé, ọwọ́ tí a kò fọ̀, tí a kò fi òrí pa.

"Ẹ má bínú o, ọmọ mi. Ọwọ́ òsì ni."

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá," Ìbùkún dáhùn. "Ẹ̀rọ ni ò lẹ́kọ̀ọ́."

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Iná di àwọ̀ ewé tútù.

Nígbà tí ó délé, Ṣubúọlá ti fa abẹ yọ kí ó tó rí páálí méjì tí ọkọ rẹ̀ gbé dání. Oyèníran gba abẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sórí àjà, ó bu omi sínú ife méjì.

Kí ó di mímọ̀ fún ìlú, kí ó dé etí àwọn tó lẹ àwòrán mọ́ ògiri tí Oyèníran fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́: ọmọ afamọ̀mọlé, afòsì-ṣẹ́gun, ti jagun fún oṣù mẹ́ta, ó sì ti kó ìkógun ọgbọ̀n ọjọ́ wálé. Lónìí, ní Ìdí-Orógbó, ọkọ gbé odidi kan mì, aya gbé odidi kan mì.