Kavalieri Ilario àti Ìsun Tí Kò Ṣeé Mu

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ìgbéraga, kó wá sí àfonífojì wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó yí adágún po, kó máa wo Ilario Zampedri bó ṣe ń bọ̀. Akoto aláwọ̀ wúrà ló máa ń dé. Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún mọ́ ọn lára débi pé bó bá gbé ẹ̀wà mì, èèyàn lè dúró lókèèrè ka hóró rẹ̀.

Ó ní "Kavalieri", oyè àwọn akọni, ni ká máa pe òun. Ta ló fi í joyè? A ò mọ̀ o. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń jẹ wàràkàṣì ló fún un lọ́dún tó ra wáìnì fún gbogbo wọn. Àwọn mìíràn ní òun fúnra rẹ̀ ló pe gbẹ́nàgbẹ́nà kó gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn, ìgbà tó sì ti wà lára ilẹ̀kùn, ó ti doyè nìyẹn.

Ilario, ọba àwọn agunkẹ̀kẹ́! Ọkùnrin ogun tí táyà rẹ̀ kì í jò! Báwo ni yóò ṣe jò? Inú ọkọ̀ akẹ́rù ni kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ń gbé. Bẹ́ẹ̀, mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ tọ ọ̀nà yẹn. Torí ẹ̀ gan-an làwọn ará Jámánì àti Ọ́láńdì ṣe ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tìyá tọmọ, kí wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ láàárín ọgbà ápù láìsí ẹni tí yóò fọn fèrè mọ́tò sí wọn létí. Ṣùgbọ́n ní kùtù hàì, ọkọ̀ Ilario á ti yọ́ wọ̀ ọ́. Á gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsun omi, á bu omi ìsun ṣán ojú àti àyà kó lè dà bí òógùn, á wá gùn ún dé iwájú ilé oúnjẹ rẹ̀, tí kò jìnnà ju ìsọ̀kò kan lọ. Á máa mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Òkè mẹ́ta ni mo ti gùn láàárọ̀ yìí!"

"Ẹ kú iṣẹ́, Kavalieri," ni Oliva Fruet máa ń dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Òkè wo ló wá ń rùn bí epo mọ́tò yìí?"

Opó ni Oliva, ilé rẹ̀ sì fara ti ìsun náà. Òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ ọpọ́n ìsun ọ̀hún láyé àwọn baba ńlá wa. Omi orí òkè ló ń dà sínú rẹ̀ tọ̀sán tòru, ó tutù tó fi ń ta èèyàn léyín. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ á dúró mumi. Bí wọ́n bá ń mumi, òórùn kéèkì ápù Oliva á gbá wọn nímú, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, wọ́n á jẹun. Owó kéèkì yẹn ni ìyá náà fi ń ra igi ìdáná tí yóò fi la ìgbà yìnyín já. Kò ní òmíràn.

Ilario náà ń ta omi. Inú ìgò ló ń tà á, àwòrán ojú òun fúnra rẹ̀ wà lára ìgò náà, ó kọ "Ògo Òkè" sábẹ́ rẹ̀. Owó ìgò kan tó ra búrẹ́dì tí ìdílé kan máa jẹ. Ta ni yóò rà á, nígbà tí omi ọ̀fẹ́ ń dà yaa níwájú ilé Oliva?

Ọ̀kánjúà bàbá àrùn. Nígbà tó di ọjọ́ kan, a jí bá ẹ̀wọ̀n irin yí ìsun ká, pátákó pupa kan sì wà lórí rẹ̀: OMI YÌÍ KÒ ṢEÉ MU.

Oliva ò tilẹ̀ bọ́ épúrọ́ọ̀nù tó fi ta gìrì débẹ̀. Ilario ló bá nídìí rẹ̀.

"Kavalieri, ta ló sọ pé omi yìí ò dáa?"

"Ìwádìí ni."

"Ta ló ṣe ìwádìí?"

"Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀."

"Omi tí wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi! Omi tí ọkọ mi mu kó tó kú!"

"Ṣé ẹ rí i?" ni Ilario wí, ó mi orí bíi dókítà. "Ẹnu yín náà lẹ fi sọ ọ́. Ó mu ún, ó sì kú."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú! Oliva padà sílé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún. Láti ọjọ́ náà, àwọn agunkẹ̀kẹ́ á rí pátákó, wọ́n á kọjá lọ sọ́dọ̀ Ilario, kéèkì á sì gbẹ sórí tábìlì. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa parí, igi ẹ̀yìn ilé opó náà ò tó ohun tí ológbò lè fi yáná.

Kò tẹ́ Ilario lọ́rùn. Àwọn aláṣẹ ìrìn-àjò afẹ́ fẹ́ yan ibi kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ ibùdó ìsinmi fún gbogbo ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà. Ibi tí wọ́n bá kan àmì wọn mọ́, gbogbo agunkẹ̀kẹ́ ayé ni yóò máa yà níbẹ̀. Wọ́n ní kí Ilario mú ọjọ́ tí ìyáàfin Noemi Dalprà, ọ̀gá wọn, yóò wá wo ibi tirẹ̀. Ọjọ́ wo ni ọ̀gbẹ́ni mú? Ọjọ́ tí màlúù ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ni! Lọ́jọ́ náà, onífèrè ń bẹ nílùú lọ́fẹ̀ẹ́, òdòdó ń bẹ lọ́fẹ̀ẹ́, èrò ń bẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ ló pa á.

Ó rántí fèrè, ó rántí òdòdó, kò rántí òùngbẹ. Kí ọ̀nà yẹn tó di ti kẹ̀kẹ́ ló ti jẹ́ ti màlúù. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí lọ́dún, àwọn ló ni ín padà. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ti ń rìn bọ̀ láti pápá orí òkè, ìsun ẹ̀gbẹ́ ilé Oliva ni wọ́n sì ti ń mumi kí wọ́n tó wọ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é kí a tó bí bàbá Ilario.

Ọjọ́ pé. Ilario wọ aṣọ kẹ̀kẹ́ funfun báláú. Ó ti kọ́ adágún kékeré kan sáàárín àwọn tábìlì rẹ̀, níbi tí agunkẹ̀kẹ́ á ti máa sanwó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ó gbé ìgò "Ògo Òkè" kan lé ìyáàfin Dalprà lọ́wọ́.

"Láti ṣóńṣó orí òkè la ti ń pọn ọ́n, ìyáàfin. Èmi fúnra mi ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀."

"Ẹ gbìyànjú o," ni obìnrin náà wí. Ó wo ikùn rẹ̀, ó tún wo òkè.

Ìgbà náà ni agogo ọrùn màlúù bẹ̀rẹ̀ sí dún. Tullio Moltrer, olórí darandaran, ló ṣíwájú, tòun ti Duchessa, ìyá màlúù tó dé adé òdòdó. Àtìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀ ni Tullio ti wà lórí òkè, kò gbọ́ ohun tó ń lọ. Ó dé ìsun, ó rí ẹ̀wọ̀n, ó ka pátákó, ó dúró sójú kan.

"Oliva, irú kí lèyí?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ Kavalieri ni. Ó ní omi náà ti bàjẹ́."

"Yéè! Ilé iṣẹ́ wàràkàṣì ló ń gba wàrà mi. Bí wọ́n bá gbọ́ pé màlúù mi mu omi àìmọ́, wọ́n á da wàrà mi sí gọ́tà. Wọn ò ní mu ún o! Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ṣùgbọ́n ta ló lè ṣàlàyé pátákó fún màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ? Duchessa gbé imú sókè, ó gbóòórùn adágún ẹsẹ̀, ó yà. Gbogbo agbo yà tẹ̀lé e.

Ilario rí wọn bí wọ́n ti ń bọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó na ọwọ́. "Ẹ wò ó, ìyáàfin! Màlúù pàápàá mọ ibi tó yẹ kí wọ́n yà sí!"

Wọ́n yà sí i lóòótọ́. Tábìlì dojú dé, aṣọ tábìlì di oúnjẹ, ará Ọ́láńdì méjì gun orí àga. Duchessa wọ inú adágún tẹsẹ̀tẹsẹ̀, ó mu, ó mu, ó gbé ìrù sókè, ó sì san owó ohun tó mu síbẹ̀, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

"Tullio! Kó wọn kúrò! Kó wọn lọ síbi ìsun!"

"Ẹ má bínú, Kavalieri. Omi ìsun ò ṣeé mu. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ó ṣeé mu!"

"Pátákó ní kò ṣeé mu."

"Fi pátákó sílẹ̀, jàre! Omi ọ̀hún mọ́ ju dígí lọ! Òun náà ni mò ń rọ sínú ìgò!"

Ìyáàfin Dalprà, tí ìgò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, rọra gbé e sílẹ̀, ó wo ojú tó wà lára ìgò, ó wo ojú tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì ń làágùn. Òógùn tòótọ́ rèé lọ́tẹ̀ yìí, a ò rí irú ẹ̀ rí.

"Láti ṣóńṣó orí òkè, àbí?" ni obìnrin náà wí.

Tullio ò pariwo. "Kavalieri, ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tó bá sọ pé omi dáa ló ń kọ́kọ́ mu ún kí ẹran tó mu ún. Láti inú ọpọ́n, lórí ìkúnlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á máa mu tinú adágún yín nìṣó."

Ilario wo adágún, ó rí màlúù méjì mìíràn tí wọ́n ń gbé ìrù sókè. Ó sáré. Àwọn kan tú ẹ̀wọ̀n. Ọkùnrin ogun kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìlú, ó na ọrùn sínú ọpọ́n. Ibẹ̀ ni ṣòkòtò tó ti ń fara dà á láti ọjọ́ pípẹ́ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ya láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀. Kò tíì dìde tí Duchessa fi ki ẹnu bọ ọpọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń mu, orí kò jìnnà sórí. Ìlú pàtẹ́wọ́. Màlúù ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

"Èwo ni Kavalieri nínú àwọn méjèèjì?" ni ẹnìkan bi wá.

"Èyí tó dé adé ni!"

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èyí tó wá dí i pa ńkọ́? Ìyáàfin Dalprà bọ́ sórí bẹ́ǹṣì Oliva, ó bu omi ìsun mu, ó béèrè kéèkì. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n bá òun wá òòlù. Ara ògiri opó ni wọ́n kan àmì náà mọ́.

Gbogbo agunkẹ̀kẹ́ rọ́ wá, kéèkì ń jáde, àwo tán. Oliva wo yíká, ó tú pátákó pupa, ó fọ̀ ọ́ nínú omi ìsun, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó to kéèkì sórí rẹ̀, ó sì ń gbé e kiri. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ilario, tó fi akoto wúrà bo ẹ̀yìn ṣòkòtò, ó tẹrí ba fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ jẹ kéèkì, Kavalieri. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣé kí n bomi fún yín, àbí ẹ ṣì ń bẹ̀rù ohun tó pa ọkọ mi?"