Kòkòrò Inú Rédíò Ìbídùn

Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n máa ń pa pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà? Ẹ ó ní inú oko ni. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Ìkìrun ló ti ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò Bàbá Àjàdí, kò sì sí àgbẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìbídùn tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá títì ló fà á. Ọmọbìnrin yìí kò lè rí nǹkan tó ń dún kó má tú u wò. Ó lọ ra rédíò kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí kò ní ibi tí èèyàn ń yí. Ara kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kì í bọ, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù. Gbogbo ohùn tó ń fò kiri òfuurufú ló ń ṣàn wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà náà bí òjò lára gíláàsì, ó tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ ewé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ tí awakọ̀ bàlúù ń kí àwọn ará Ìlọrin, inú rẹ̀ dùn débi pé ó tú fóònù oníbàárà palẹ̀ tán kó tó rántí pé ṣájà nìkan ni wọ́n ní kó wò.

Ohun tó wá gbà á lọ́kàn ni sátẹ́láìtì kan tó máa ń kọjá lọ́sàn-án, tó ń ya àwòrán ìkùukùu, tó sì ń fi ránṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní etí. Ìbídùn fẹ́ ní etí. Ó tẹ irin, ó so ó mọ́ òpó, ó gbé e gun òrùlé Bàbá Àjàdí, onílé rẹ̀. Bàbá ní òpó yìí yóò pe àrá sílé òun. Ìbídùn bẹ̀bẹ̀ títí, Bàbá wá ní ó dáa: bí òun bá fi ojú ara òun rí àwòrán náà lọ́sàn-án Sátidé, kí òpó dúró. Bí òun kò bá rí i, Gàníyù wẹ́dà yóò gé e, wọn yóò fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Ìbídùn tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwọ̀ ewé yọ lóòótọ́, àmọ́ ihò ti dá a lu láti òkè délẹ̀, nǹkan sì ń ké kírí-kírí nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń bẹ nítòsí tó ń da ohùn ojú ọ̀run rú.

Gàníyù, tó ti mú ayùn rẹ̀ dání, yọ ojú wò ó. Ó ní, "Ìbídùn, kòkòrò ti jẹ ẹ̀fọ́ rẹ tán."

"Bọ̀ọ̀dá Gàníyù, ẹ máa pọ́n ayùn yín lọ. Màá mú kòkòrò náà kí oòrùn tó yẹ̀."

Ó gbé kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, ó fi irin kékeré kan ṣe etí fún un, ó jáde. Ibi tí igbe bá ti le jù, ibẹ̀ ni ọ̀daràn wà. Ìdí ẹ̀rọ Gàníyù ló kọ́kọ́ dé: kírí-kírí. Wọ́n pa á. Ó dé ìdí fìríìsà Ìyá Ìlọ̀rí ẹlẹ́ja: kírí-kírí. Ìyá Ìlọ̀rí ní ẹja òun yóò yọ́, àmọ́ ó pa á. Ó dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, tó ń fá orí ọkùnrin kan lọ́wọ́. Ọ̀kan náà ni. Ọkùnrin náà jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú orí ààbọ̀. Kò pẹ́, jẹnẹrétọ̀ kan kò dún mọ́ ní gbogbo àdúgbò, èèyàn ń gbọ́ bí adìẹ ṣe ń họ ilẹ̀.

Kòkòrò kò dákẹ́. Ìbídùn dúró ti adìẹ, kòkòrò ké. Ó dúró ti kànga, kòkòrò ké. Ó dúró ti Bàbá Àjàdí, kòkòrò ké bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìbídùn wo Bàbá látòkè délẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ lè bọ́ eyín yín?"

Bàbá bọ́ eyín. Kòkòrò ń ké lọ.

Bàbá dá eyín padà sẹ́nu, ó ní òun kò ṣe mọ́. Fóònù òun ti kú nítorí ìrànkuràn yìí, ọmọ òun yóò sì pè. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí Ìbídùn ti fi rọ́bà de páwà báǹkì kan tó tóbi bí búlọ́ọ̀kù, ó yọ ọ́, ó kì í sápò, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Páwà báǹkì, ẹ̀yin èèyàn mi! Ní àdúgbò tí iná kò sí, bí aṣọ ìnujú ló rí. Ta ló ń ka ìnujú mọ́ ẹ̀rọ?

Bí Bàbá ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni kírí-kírí ń tẹ̀ lé e lọ. Ihò dí lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Bàbá dé ìsàlẹ̀ títì, ẹ̀fọ́ ti tutù láìní àbàwọ́n, ohùn sátẹ́láìtì sì ń wọlé bọ̀ láti ojú ọ̀run, tìkì-tàkà, tìkì-tàkà. Ìbídùn sáré padà sílé, ó kì okùn òpó bọ rédíò. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í hun ara rẹ̀ bí aṣọ òfì.

Gbogbo èèyàn rọ́ wá. Bàbá gbọ́ ariwo, òun náà yí padà. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀, ihò kan lu àwòrán.

"Bàbá, ẹ dúró síbẹ̀!"

"Kí n dúró síbẹ̀ báwo? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ní kí n rí i?"

"Ẹ rí i láti ọ̀hún!"

"Ojú mi dà?"

Wọ́n ní kó gbé páwà báǹkì sílẹ̀. Ó ní fóònù òun wà lára rẹ̀, olè kò sùn. Ó tún gbé ẹsẹ̀, ihò kejì lu. Bátìrì kọ̀ǹpútà kò ní ẹ̀mí púpọ̀ mọ́, Gàníyù sì ti ń fi ìka tọ́ ẹnu ayùn wò. Ìyá Ìlọ̀rí ló sáré bá Bàbá, ó já nǹkan náà gbà tòun ti fóònù, ó sọ ọ́ sínú fìríìsà onírin rẹ̀ láàárín ẹja, ó dé e, ó jókòó lé e. Irin sé igbe kòkòrò mọ́nú, ó sì panu mọ́ pátápátá.

Bàbá dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo kọ̀ǹpútà. Ó rí etí òkun, ó rí ìkùukùu tó funfun bí òwú, ó kún bo ọ̀nà ilé wa níhìn-ín. Kọ̀ǹpútà wá kú fìn-ín.

Bàbá nàró, ó ní kí Gàníyù gbé ayùn rẹ̀ lọ sílé. Ó wo onígbàjámọ̀ àti olórí ààbọ̀, ó wo Ìyá Ìlọ̀rí lórí fìríìsà, ó wá kọjú sí Ìbídùn.

"O pa iná mọ́ wa lórí. O fura sí adìẹ. O ní kí n bọ́ eyín láàárín títì. Ọmọ mi, láti òní lọ, kó o tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ gbọn ara rẹ wò. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."