Ẹ̀jẹ̀ Màlúù Tó Ń Kan Lẹ́nu

Ọlọ́run fún Verlin Kubik ní igba màlúù, ó fún un ní ilẹ̀ tó lọ salalu, ó wá fi ẹnu ṣe èènì lé e lórí. Bí ẹni méjì bá ní màlúù bíi ti Verlin ní gbogbo ìpínlẹ̀ Nebraska l'Amẹ́ríkà, wọn ò lè ní ẹnu bíi tirẹ̀. Kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba, kì í bá èèyàn jiyàn lórí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá ti kan ẹran, ẹ yáa wá àga kẹ́ ẹ jókòó. Á ní òun lè fi ahọ́n mọ irú koríko tí màlúù jẹ. Á ní òun mọ̀ bóyá inú ń bí màlúù lọ́jọ́ tí wọ́n pa á. Àwọn tí wọ́n jọ ń mu kọfí láràárọ̀ ti gbọ́ ọ débi pé bó bá ti lanu báyìí, àwọn ni wọ́n ń bá a parí ẹ̀.

Èyí tó fi ń yangàn jù ni pé òun kì í jẹ ẹran tó jinná. Ó ní ẹran tó jinná, ti aláìsàn ni. Ẹran tí ọkùnrin ń jẹ, iná ò gbọdọ̀ ṣe ju kó kí i lọ. Tí wọ́n bá gé e, kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn yí àwo ká.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí LaVonne ìyàwó rẹ̀ mọ̀ fún yín. Verlin ò jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ṣègbéyàwó, LaVonne dín in fún un bó ṣe pàṣẹ, ó gbé e síwájú ẹ̀. Verlin gé e, ó rí ẹ̀jẹ̀, ojú ẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó ní òun fẹ́ lọ wo màlúù kan tí ara ẹ̀ ò yá. Nígbà tí LaVonne ń fọ ṣòkòtò ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, odindi ẹran ló bá lápò. Àánú ọkọ ẹ̀ ṣe é. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dín ẹran Verlin títí á fi jinná dénú, á wá bu omi bíìtì lé e. Bíìtì ni gbòǹgbò pupa tí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń rẹ sínú fínígà àti ṣúgà, tí wọ́n á dé e mọ́ ìgò de ìgbà òtútù. Omi ẹ̀ pọ́n ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Verlin á gé ẹran, á rí pupa tó yí àwo ká, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, èyí lẹran." LaVonne á ní, "Jẹun, Verlin."

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sóhun tí Verlin kórìíra tó bíìtì. Àbúrò ìyá ẹ̀ kan ló fi tipátipá fún un jẹ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó sì ti búra látìgbà náà pé kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun òun kọjá mọ́. LaVonne wá ń kó àwọn ìgò ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ti LaVonne ti lọ fún ọdún méjìdínlógójì, òtítọ́ ò tíì wọ bàtà.

Ipò adájọ́ ló mú kó wọ̀ ọ́. Oṣù kẹjọ ọdọọdún ni àgbègbè wọn máa ń ṣe ìpàtẹ ńlá, tí wọ́n á fún ẹran tó dùn jù, àkàrà òyìnbó tó wú jù àti ẹlẹ́dẹ̀ tó sanra jù ní rìbọ́nù ẹ̀yẹ. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Verlin ti ń wá bó ṣe máa di adájọ́ ẹran níbẹ̀. Kò sóhun mìíràn tó wù ú láyé mọ́. Dwayne Ostergard, alága ìpàtẹ, ló sì ń yan adájọ́. Dwayne kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ilé ẹ̀ bá ń jó, á kọ́kọ́ mu kọfí ẹ̀ tán ná. Lọ́dún yìí, ó ní kò burú, kí òun kọ́kọ́ rí bí Verlin ṣe ń dá ẹran lẹ́jọ́, kí òun tó kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀.

Verlin ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́ ilé. Ó ní àwọn á lọ sí ìlú Omaha, sí ilé oúnjẹ olówó gọbọi kan tó ń dín ẹran tà, tó ní ẹ̀ka ní ìlú mẹ́rìnlélógún, kí òun fi han Dwayne bóyá ẹran wọn tó owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀. LaVonne bi í pé ṣé wọn ò kúkú lè jẹ ẹ́ nílé. Verlin ní ahọ́n òun ò mọ̀yàtọ̀ ilé àti ìrìn àjò. Ó ṣe LaVonne bíi kó ti ìgò kékeré kan bọ inú báàgì ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò tíì ya wèrè tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó ti ń kábàámọ̀ pé òun ò ya á.

Bí wọ́n ṣe jókòó ni Verlin ti bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́. Iná wọn ò mọ́lẹ̀ tó; ó ní ẹni tí ẹran ẹ̀ dáa kì í tan iná báìbáì. Ó ṣí ìwé oúnjẹ. Ègé ẹran kan, dọ́là méjìdínlọ́gọ́rin, òun nìkan gbáko bí ẹni tí kò lẹ́bí. Pòtétò ní owó tiẹ̀, ẹ̀fọ́ ní owó tiẹ̀. Verlin bi agbáwo wọn, ẹni jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Preston, pé ṣé àga náà ní iye. Preston ní rárá, sà, búrẹ́dì náà kò ní. Verlin jẹ búrẹ́dì mẹ́ta, ó ní ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ burú.

Dwayne ní kí wọ́n jẹ́ kí tòun jinná níwọ̀nba. LaVonne ní kí wọ́n fún òun ní ẹja. Verlin fara tì sẹ́yìn, ó gbóhùn sókè kí tábìlì mẹ́ta lè gbọ́.

"Sọ fún ẹni tó ń dín in kó kàn gbé e gba ẹ̀gbẹ́ iná kọjá. Kí iná rí i, kí òun náà rí iná. Ó ti tó."

"Ṣó dá yín lójú, sà? Inú ẹ̀ á tutù o."

"Mo ti ń jẹ ẹran kí wọ́n tó bí bàbá ẹ."

Nígbà tí ẹran dé, àwo ń hó ṣìì. Preston kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àwo, ó gbóná gan-an. Verlin ní ọwọ́ tó ti fi irin gbígbóná ṣàmì sára màlúù fún ogójì ọdún ò bẹ̀rù àwo. Ó dì í mú. Kò pẹ́ tó fi jọ̀wọ́ ẹ̀ tó sì ti ọwọ́ bọ inú ife omi oníyìnyín, ó ní òun ń wò ó bóyá yìnyín wọn tutù dáadáa.

Àṣà ibẹ̀ ni pé agbáwo ò gbọdọ̀ lọ títí oníbàárà á fi gé ẹran láàárín, kó wò ó bóyá bó ṣe fẹ́ ẹ ló rí. Preston dúró. Dwayne gbójú sókè. Verlin gé e.

Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tòótọ́, ti màlúù. LaVonne rí i tí ojú ọkọ ẹ̀ ń funfun, funfun ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn gan-an ló padà wá. Ṣùgbọ́n Dwayne ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ipò ló wà ńlẹ̀. Verlin ju bíńtín sẹ́nu, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e mì bí ẹni gbé oògùn ibà mì.

"Kò kan," ló wí.

"Ẹ ní kí ni, sà?"

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ màlúù gidi máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu, á wá dùn lẹ́yìn ẹ̀. Èyí ò kan, kò dùn. Dá a padà."

Dwayne ò jẹnu mọ́. Ó ní òun ò gbọ́ ìyẹn rí. Verlin ní ohun tó jẹ́ kí ìpàtẹ wọn nílò adájọ́ tó mọṣẹ́ nìyẹn. LaVonne ń wo aṣọ ìnuwọ́ tó wà lórí itan ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Àwọn ará kíṣìnì rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. Ẹni tó ní kí ẹran gba ẹ̀gbẹ́ iná kọjá, tó tún ń ráhùn, ó ní láti jẹ́ pé iná ló kí i pẹ́ jù. Èyí tí wọ́n gbé wá lẹ́ẹ̀kejì, bí dókítà ẹranko bá wà nítòsí, ó ṣeé ṣe kó dìde. Verlin gé e, ó rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Òógùn yọ níwájú orí ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá òun ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. LaVonne wò ó, ó rí aṣọ ìnuwọ́ tó ti rọra bo ẹran mọ́lẹ̀, ó sì rí ọwọ́ Verlin tó ń wá ojú àpò. Dwayne ti ń ká ìwé orúkọ àwọn adájọ́ padà.

Àánú ọkọ ẹ̀ tún ṣe é. Ó ní, "Jókòó, Verlin. Èmi ni mo fẹ́ lọ fọwọ́."

Ẹnu ọ̀nà kíṣìnì ló ti bá Preston. Ó ní kí wọ́n lọ gbé ẹran náà kúrò níwájú Verlin, kí wọ́n dín in títí á fi le bí àtẹ́lẹ̀ bàtà. Preston kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá bi í bóyá wọ́n ní bíìtì. Preston ní ó wà nínú sàláàdì, tòun ti fínígà. LaVonne ní kí wọ́n fún omi ẹ̀ sórí ẹran.

Preston wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ ohun tí oníbàárà fẹ́. "A kì í ta omi ẹ̀ lọ́tọ̀, mà. Ẹ̀rọ ò ní jẹ́ kó jáde àfi ká tẹ odindi sàláàdì sí tábìlì yín."

"Tẹ̀ ẹ́. Kó má sì tẹnu ẹ jáde láéláé."

Preston ṣèlérí. LaVonne ti padà jókòó kó tó rántí pé bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ka ìwé ìhágún ni Verlin ṣe ń ka ìwé owó oúnjẹ.

Àwo kẹta dé. Verlin gé e, pupa ṣàn yí i ká. Ó fi sẹ́nu, ó dijú.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí lẹran."

Ẹnu wá là gbàù. Ó ṣàlàyé koríko tí màlúù náà jẹ. Ó ní abo ni, ó sì níwà tútù. Ó yíjú sí bàbá kan ní tábìlì kejì, ó ní kó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, kó bèèrè èyí tó kan. Ó gé díẹ̀ fún Dwayne. Dwayne jẹ ẹ́ pẹ́, ó mumi tẹ̀lé e.

"Ó kan," Dwayne ní.

Verlin ní òun ti wí. Ó dájọ́ pé dọ́là méjìdínlọ́gọ́rin wọ́n, ṣùgbọ́n ẹran náà tó o. Dwayne tú ìwé ẹ̀, ó ṣí ìdérí bírò. Ọdún mọ́kànlá kóra jọ sẹ́nu bírò yẹn.

Ìgbà náà ni ìwé owó dé. LaVonne yára nawọ́ sí i, ó ní kí òun bá a san án. Níwọ̀n bí kò ti sọ irú ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, Verlin fura, ó fà á gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ẹran, ó tọ́. Ẹja, ó tọ́. Pòtétò, olè ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó tọ́.

"Sàláàdì bíìtì, dọ́là mẹ́rìndínlógún. Ta ló jẹ bíìtì níbí?"

Preston ní àṣìṣe ni, kí wọ́n má bínú, òun á yọ ọ́. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́, kó dìde. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá bíìtì. Verlin ní kì í ṣe àṣìṣe, olè ni. Ó ní ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀ka mẹ́rìnlélógún nìyẹn, bíìtì tẹ́nìkan ò jẹ. Ó ní kí wọ́n pe ọ̀gá wá, kí wọ́n lé Preston lójú òun. Preston dúró, etí ẹ̀ pọ́n, kò sọ nǹkan kan. Ó ti ṣèlérí. LaVonne wo agbáwo, ó wo bírò Dwayne, ó sì mọ̀ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni òun lè gbà là.

"Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, Verlin. Ìwọ lo jẹ ẹ́."

"Èmi? Bíìtì? Láti ọmọ ọdún mẹ́fà?"

"Ó wà níkùn ẹ báyìí. Ó ti ń lọ síbẹ̀ láti ọdún méjìdínlógójì."

LaVonne wá rò ó fún wọn láìgbóhùn sókè, láti orí àpò ṣòkòtò títí dé abẹ́ àtẹ̀gùn. Verlin ti ìka bọ pupa tó kù nínú àwo, ó lá a. Ó lanu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, nǹkan kan ò jáde.

Dwayne ló sọ̀rọ̀. "LaVonne, fínígà wo lo fi ń ṣe é?"

"Ti ápù."

"Ṣúgà ńkọ́?"

"Ife kan sí ìgò mẹ́rin."

Dwayne mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó dé bírò. Verlin fi ohùn tín-ín-rín bi í bóyá orúkọ òun ló kọ. Dwayne ní orúkọ ẹ̀ ni.

"Adájọ́ ẹran?"

"Adájọ́ bíìtì inú ìgò. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tá ò rẹ́ni ṣe é. Kò sì sẹ́ni tó ti jẹ ẹ́ tó ẹ."

LaVonne fi owó sílẹ̀ fún Preston lábẹ́ àwo, ó ju ti sàláàdì lọ. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi wakọ̀ délé, Verlin ò sọ̀rọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ẹnu kì í ṣàìsàn pẹ́. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi dé, ó ti ń sọ nídìí kọfí pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ òun ní bíìtì. Lọ́jọ́ ìpàtẹ, ìgò méjìlá ló wà lórí tábìlì, nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn, kí adájọ́ má baà mọ ẹni tó ni èyíkéyìí. LaVonne dúró láàárín èrò, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, torí ìgò keje, òun ló ni ín. Bó bá ṣe ti ìyẹn ni, ahọ́n ọkọ òun ò lè ṣìnà.

Verlin tọ́ ìgò keje wò. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dijú. Ó wá mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

"Ẹni tó ṣe èyí ò mọ bíìtì," ló wí. "Ẹran ló ń rùn."

Kò fún un ní rìbọ́nù kankan. LaVonne gbé ìgò ẹ̀ lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́, ó dín ẹran fún ọkọ ẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe ń fi yangàn: iná rí i, òun náà rí iná. Búrẹ́dì ni Verlin jẹ sùn.