Súwẹ́tà Bàbá Fúnkẹ́

Wọ́n ní Ìyá Fúnkẹ́ lóyún. Lọ́dún 1978 tí mò ń wí yìí, ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Èmi kì í gba àhesọ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka ìtàn Sárà nínú Bíbélì kò lè sẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tán. Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, ní pálọ̀ wọn ní àdúgbò Laranto, lọ́sàn-án Sátidé kan tí ọyẹ́ ń jà.

Ìyá Fúnkẹ́ jókòó, abẹ́rẹ́ ìhunṣọ méjì lọ́wọ́, òwú funfun lórí itan. Láti ìgbà tó ti bí Fúnkẹ́ ló ti pa ìhunṣọ tì. Fúnkẹ́ tó wá dàgbà, tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ olùkọ́, ló kọ̀wé sílé pé, “Màmá, bí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀, èmi náà á bẹ̀rẹ̀.” Ó ti dé. Ó wà ní yàrá, ó ń hun tirẹ̀. Ìró abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ni Ìyá Abraham, akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, bá já wọlé pẹ̀lú ìwé àti bírò.

“Ìyá Fúnkẹ́, ẹ kú oríire o! Ẹ má dìde! Ẹ má dìde rárá!”

“Oríire kí ni, Ìyá Abraham?”

“Hábà! Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Lááwàlì tó ń ta òwú ní Tina Junction ló ní ẹ ra òwú ọmọ, bọ́ọ̀lù mẹ́fà, ẹ sì ń di ìbàdí mú.”

“Òwú funfun ló kù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìbàdí sì ti ń dùn mí láti ayé pọ́n-ùn.”

Ìyá Abraham fa ohun tó wà lórí abẹ́rẹ́, ó gbé e sókè. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

“Èyí ńkọ́? Ìbàdí ló ni ín?”

Ìyá Fúnkẹ́ ṣíjú wo kọ́tìnnì. Kí a má purọ́, súwẹ́tà Bàbá Fúnkẹ́ ni. Ojú òwú ọgọ́fà ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń já bọ́ ní ìlà dé ìlà, títí aṣọ àgbàlagbà fi di ti ọmọ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì ti fọ́nnu fún Fúnkẹ́ pé nígbà tí òun wà ní ilé ìwé Míṣọ́n l'Ógbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó mọ aṣọ hun tó òun; kò fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ohun tí súwẹ́tà dà.

“Ẹ rọra sọ̀rọ̀, Ìyá Abraham. Ọmọ ń kọ́ṣẹ́.”

“Ta ló ni ín, mo ní?”

Ìró abẹ́rẹ́ dákẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì.

“Ti... ti ọmọdé ni.”

Kẹ́-kẹ́-kẹ́, ìró tún bẹ̀rẹ̀.

“Ògo fún Ọlọ́run! Ọmọ ta?”

“Ọmọ èèyàn.”

“Ṣé Bàbá Fúnkẹ́ ti mọ̀?”

“Ó mọ̀. Ó ti wọ̀ ọ́ wò.”

“Ó wọ kí ni wò?”

“Ó... ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó móoru ni. Etí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó kọjá.”

“Ọkùnrin yìí mà fẹ́ràn ọmọ o! Ṣùgbọ́n apá kan gùn ju èkejì lọ.”

“Ọmọ á dàgbà bá a.”

“Lápá kan ṣoṣo?”

Ìyá Abraham ṣí ìwé.

“Tò. Mo ti kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ ọ̀la: ‘Arábìnrin Keziah, Sárà tiwa.’ Gbogbo ìjọ á jó yí yín ká.”

“Káì! Ẹ pa á rẹ́! N ò lóyún! Kí n lọ dúró tí irọ́ nínú ilé Ọlọ́run?”

“Ẹni tí kò lóyún, kí ló ń fi aṣọ ọmọ ṣe?”

“Ẹ̀bùn ni.”

“Fún ta? Kò sí aboyún kan nínú ìjọ. Ìyàwó Jonathan ló bí kẹ́yìn, ọmọ yẹn sì ti ń lé ewúrẹ́.”

“Ìyá Abraham, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

“Ó rọrùn. Ẹ dárúkọ ẹni tó ni súwẹ́tà yìí sókè, kí Fúnkẹ́ gbọ́, kó ṣe ẹlẹ́rìí wa. N ó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.”

Ìró abẹ́rẹ́ dákẹ́. Kọ́tìnnì ṣí díẹ̀. Imú Fúnkẹ́ yọ.

Ìyá Fúnkẹ́ wo imú náà. Ó wo súwẹ́tà. Ó wo òkè àjà. Ó já súwẹ́tà gbà, ó kó òwú sí abíyá, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ dúró! Ọ̀rọ̀ ò tíì tán! Ibo lẹ ń lọ?”

“Mò ń lọ ra òwú sí i lọ́dọ̀ Lááwàlì.”

“Ṣé kí n pa á rẹ́ ni àbí kí n fi sílẹ̀?”

“Ẹ fi sílẹ̀! Sárà pàápàá purọ́, ó sì bímọ.”

“Oṣù mélòó ni kí n kọ sí i?”

Ìyá Fúnkẹ́ fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, kí Fúnkẹ́ má baà gbọ́, ẹsẹ̀ kan ti wà níta.

“Ẹ kọ oṣù kan péré. Kí oṣù mẹ́jọ tó kù tó pé, n ó ti rántí bí wọ́n ṣe ń hun súwẹ́tà.”