Ẹja Tí Mo Jẹ Lórí Rédíò

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí gbogbo orí mi tilẹ̀ funfun tán. Ọjọ́ náà ni ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lójú gbogbo Libreville, olú ìlú Gabon tí mò ń gbé.

Mo jìyà ní kékeré, n ò purọ́ ìyẹn. Bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ní àdúgbò Lalala ló gbà mí tọ́, Màmá ni mo sì ń pè é. Mo ta omi tútù káàkiri Akébé kí n tó rí bàtà wọ lọ sílé ìwé. Lónìí, mo ń ṣe ètò lórí rédíò, awakọ̀ takisí á gbọ́ ohùn mi lẹ́yìn ọkọ̀, á sì yíjú wò mí. Ohun tí mo bá sọ, àwọn èèyàn wa gbà á gbọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti rí i pé bí mo bá ń bù mọ́ ìtàn ìyà mi, fóònù kì í dákẹ́. Mo bá sọ lọ́sẹ̀ kan pé ẹni tó tọ́ mi máa ń fi ebi pa mí sùn. N ò dárúkọ ẹnì kankan. Ọlọ́gbọ́n ni mí, àbí? Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹni tó tọ́ mi ní Lalala? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn obìnrin ti ń gba aṣọ wọn padà lọ́wọ́ Màmá, àwọn òbí kan sì ti wá mú ọmọ wọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn. Jìnnìjìnnì bò mí, n ò jẹ́ yà sí Lalala mọ́.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ètò ń lọ lọ́wọ́, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ fáwọn tó ń fi fóònù wò wá, ni arábìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ bá yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n, màmá kan wà níta pẹ̀lú kúlà. Ó ní ọmọ òun ni yín. C'est grave, ọ̀rọ̀ ti le, ẹ̀gbọ́n."

"Sọ pé mi ò sí."

"Ohùn yín ló ń jáde nínú rédíò ẹnu ọ̀nà."

Mo wo fèrèsé. Irin ni wọ́n fi dè é. Kí n tó yíjú padà, Màmá ti wọlé. Ara mi kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ mi, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo gbàgbé pé ẹ̀rọ etí ṣì wà lọ́rùn mi. Okùn rẹ̀ fa gbohùngbohùn lulẹ̀, omi inú ife dà sí mi lẹ́yìn, àwọn tó ń wò wá kò sì rí nǹkan kan mọ́ ju àga òfìfo lọ. Wọ́n ní ẹnì kan ní àdúgbò Angondjé ti ń pariwo pé wọ́n ti jí mi gbé.

Màmá ò ní kí n dìde. Kò tilẹ̀ pe oríkì mi.

"Ọjọ́ wo ni mo fi ebi pa ọ́ sùn?"

Bí mo bá sọ òótọ́, orúkọ mi bàjẹ́. Bí mo bá purọ́, iṣẹ́ rẹ̀ parẹ́. Gbohùngbohùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi nílẹ̀ níbẹ̀.

"Kò sí, Màmá. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí oúnjẹ ò sí nílé, èmi ni mo ti dá ìkòkò ẹja jẹ lọ́sàn-án."

"Ta ló wá sùn láìjẹun?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Ojú tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Ó ṣí kúlà: ìrẹsì àti ẹja díndín. Ó mú gbohùngbohùn, ó nà án sí mi lẹ́nu.

"Àkànní, ó yá, jẹun. Kí wọ́n gbọ́ ọ."

Lórí ilẹ̀ tútù yẹn ni mo ti jẹun, tí gbogbo ìlú ń gbọ́ bí mo ṣe ń fa egungun ẹja.

Àwọn oníbàárà padà sọ́dọ̀ Màmá. Èmi náà kọ́gbọ́n: ìyà tí mo jẹ tó mi í sọ, kò yẹ kí n ba orúkọ ẹlòmíì jẹ́ láti fi iyọ̀ sí i. Mo lè rẹ́rìn-ín sí i báyìí. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá ti ní "nígbà tí mo wà ní kékeré" lórí rédíò, mo máa ń wo ilẹ̀kùn kí n tó parí ọ̀rọ̀.