Bí Ààrẹ Ṣe Gbé Àga Relé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa á lówe pé, “Ẹni tó bá pẹ́ lórí àga, àga á pẹ́ nídìí rẹ̀,” ṣé ẹ mọ ìdí ẹni tí àga kọ́kọ́ há sí? Ìdí bàbá tó bí ìyá mi ni, Jósáyà Fápohùndà, ààrẹ àkọ́kọ́ tí Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú ìlú wa ní. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n yàn án, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ẹ̀gẹ́. Alúkò káfíńtà wọn ìbàdí rẹ̀ dáadáa, ó sì fi ìrókò kan àga alápá méjì fún un. Orí àga yẹn ni bàbá wa jókòó sí tí afárá odò wa fi dúró, ibẹ̀ náà ló ti parí ìjà ààlà tí àwọn baba rẹ̀ kò rí parí. Kò ṣe ojúsàájú rí. Bó bá jẹyán ní Òkè-Ọjà, dandan ni kó jẹ ní Ìsàlẹ̀-Odò, àti ní àwọn àdúgbò tó kù, kí ẹnikẹ́ni má baà bínú. Òdodo ló mú un sanra.

Ó ti kà níléèwé pé ààrẹ àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà ní ṣe sáà méjì, ó dìde, ó padà sí oko rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó búra fún ìlú pé, “Ọjọ́ tí sáà mi kejì bá pé, ilẹ̀ ò ní ṣú bá mi nípò.”

Ọjọ́ pé. Gbogbo àdúgbò se iyán ìdágbére, ó sì jẹ ti gbogbo wọn. Ó sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin sunkún. Ó dìde. Àga dìde tẹ̀ lé e.

Gbọ̀ngàn hó yèè! “Àga gan-an ò gbà! Bàbá, ẹ padà jókòó!”

“Ẹ bá mi fà á,” ni bàbá wa wí.

Àwọn géńdé kan di apá rẹ̀ mú, àwọn mìíràn di ẹsẹ̀ àga. Wọ́n fà á títí, gbogbo wọn ṣubú lu akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹnì kan mú ayùn wá. Alúkò fò dí i lọ́nà.

“Ayùn kẹ̀? Lára ìrókò mi? Ẹ kúkú rẹ́ ààrẹ!”

“Sáà kẹta nìyẹn,” ni àwọn tí kò fẹ́ kó lọ ń wí, inú wọn ń dùn. “Ọlọ́run ló kàn án mọ́ ọn.”

Oòrùn ti ń wọ̀. Bàbá wa wo oòrùn, ó wo ìlú. “Mo ní mò ń lọ. Mo ń lọ nìyẹn.” Ó fẹ̀gbẹ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde, tòun tàga. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á jókòó sáàrin títì, á kí àwọn èèyàn, á tún dìde.

Wúràọlá ìyàwó rẹ̀, ìyá ìyá mi, rí i lókèèrè. “Bàbá Tinúọlá, ṣebí ẹ ní ẹ̀ ń fipò sílẹ̀? Ẹ tún wá gbé e wálé?”

“Gbé ọkọ́ fún mi.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ebè iṣu ẹ̀yìnkùlé, ó ń ro, àga dojú kọ ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀. Òógùn bò ó. Kí oòrùn tó wọ̀ tán, àga yọ̀, ó já bọ́, gbì!

Alúkò, tó ti ń tẹ̀ lé e bọ̀ láti gbọ̀ngàn, sáré gbá àga mọ́ra bí ọmọ tó sọnù. Wọ́n gbé e lọ fún ààrẹ tuntun, ẹni tó wá bẹ bàbá wa pé kó gba òun nímọ̀ràn kóun tó jókòó.

Bàbá wa fọwọ́ pa ìbàdí rẹ̀ tó ti bó. “Ọmọ mi, sáà méjì péré ni mo ṣe o. Ẹni tó bá pẹ́ lórí àga, àga á pẹ́ nídìí rẹ̀.”